Kámẹ́rà kékeré tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ àti full-frame tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì: èwo ni kí ayafọ́tò Òṣogbo rà?

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Fujifilm gbé X100VI jáde ní $1,599. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni Canon gbé EOS R8 jáde ní $1,499. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ohun tí owó náà rà yàtọ̀ síra pátápátá. X100VI dé pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan tí wọ́n ti dè mọ́ ọn lára. Ẹ yọ ọ́ nínú páálí, ẹ fi bátìrì àti káàdì sí i, iṣẹ́ ti yá. R8 tí wọ́n ń ta ní $1,499, ara kámẹ́rà lásán ni. Kò lè ya ohunkóhun títí ẹ ó fi ra lẹ́ǹsì lé e. Ṣùgbọ́n sensor inú rẹ̀, ìyẹn awo tó ń gba ìmọ́lẹ̀, fẹ̀ ju ti X100VI lọ ní ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ (irú sensor ńlá yìí ni wọ́n ń pè ní full-frame), lẹ́ǹsì tó sì lè wọ̀ ọ́ pọ̀ lọ súà.

Ẹni tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kò lè ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó máa ka iye megapixel, ìyẹn iye ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ro ibi tí yóò máa dúró sí tó bá ń ya fọ́tò. Láti ibẹ̀ ni ìpinnu tó kù ti máa ń rọrùn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé. Lẹ́ǹsì tí kì í yọ, tí kì í sì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́, ẹsẹ̀ yín ló máa bá a ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú èèyàn kún fọ́tò, ẹ ó rìn sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ẹbí wọlé, ẹ ó fà sẹ́yìn. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dí yín lọ́nà, ẹsẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ tó ní Ọjà Ọba, ó tó nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó tó níbi tí wọ́n ti ń rẹ aró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá ń gbé igbá lọ sí odò. Èrò á bò ó lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń ṣọ́ ọ á yí i ká, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já wọ àárín wọn. Ẹni tó di lẹ́ǹsì 28mm, tó ń gba ibi gbígbòòrò wọlé, mú níbẹ̀ yóò ya ìpàkọ́ èrò, yóò ya fóònù tí wọ́n nà sókè, igbá náà yóò sì kéré débi pé ẹni tó ń wo fọ́tò á máa wá a kiri. Ẹni tó di 70-200mm, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, mú lè wá ibi gíga kan dúró sí, kó sì mú igbá náà àti ẹni tó rù ú nìkan. Kò sí bí ẹsẹ̀ ṣe lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìkejì, ta ló ń sanwó? Fọ́tò tí ẹ yà fún ara yín, bó bá bàjẹ́, ẹ̀yin nìkan ló dùn. Tó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ, bí káàdì bá kú lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì, wọn ò ní tún yìgì so nítorí yín. Kámẹ́rà tó ní ojú ihò káàdì méjì, tó ń kọ fọ́tò kan náà sí méjèèjì, ti di dandan fún ẹni tó ń gba owó iṣẹ́. Gbogbo kámẹ́rà kékeré tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀, ihò káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ìkẹta ni ìmọ́lẹ̀, ìkẹrin ni iná mànàmáná, ìkarùn-ún ni eruku àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Owó gbẹ̀yìn, torí pé owó tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Mo lo dọ́là fún iye tí wọ́n fi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, nítorí pé náírà kò dúró sójú kan. Ẹ fi iye dọ́là ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rà á ṣírò, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ Èkó kún un, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹ kò ní rí l'Óṣogbo níbí.

Ricoh GR: èyí tó ń wọ àpò ṣòkòtò

GR III jáde ní 2019. Pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀, 257g péré ni. Sensor APS-C, tó kéré ju full-frame lọ, ló wà nínú rẹ̀, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ń wò bíi 28mm. GR IIIx ti ọdún 2021 ń wò bíi 40mm, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń ya ojú èèyàn, torí pé bí ẹ bá fi 28mm sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. GR IV dé ní 2025 ní $1,499.95, ó sì ní 53GB nínú ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gbàgbé káàdì sílé, ẹ ṣì lè ṣiṣẹ́ lọ.

Ibi tí kámẹ́rà yìí ti ń gba ọkàn mi ni ìdí ìkòkò aró. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kì í dú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di búlúù lójú yín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mú àyípadà yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláró, kí ọwọ́ ìyá náà, omi tó ń kán àti aṣọ tó ń yí àwọ̀ jọ wà nínú fọ́tò kan náà. 28mm gba gbogbo rẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹ fà sẹ́yìn. Ó sì tún kéré: bí ẹ bá ti kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà," tí ẹ sì ti tọrọ àyè, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìyá á padà sí. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà ńlá tó ní lẹ́ǹsì gígùn dúró síwájú rẹ̀, ó lè dìde lọ wá gèlè.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣeé fojú fò. GR III kò ní ihò tí èèyàn ń fi ojú kan wò, ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa wò, oòrùn ọ̀sán wa kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí i dáadáa. Bátìrì rẹ̀ kò ju bíi fọ́tò 200 lọ ní ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ń lò. Àmọ́ ó ń gba iná láti ara páwà báńkì, ìyẹn sì dín ìṣòro NẸ́PÀ kù. Èyí tó burú jù ni eruku. Lẹ́ǹsì rẹ̀ a máa nà jáde bí ẹ bá tàn án, a sì máa wọlé padà bí ẹ bá pa á, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló lè máa fa eruku wọlé. Bí eruku bá bà lé sensor, ẹ kò lè ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Àfi kí wọ́n tú kámẹ́rà. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá tàbí àpò tó dé mọ́ra gbé e, ẹ má sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò lásán bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìlú òyìnbó.

Fujifilm X100VI: ẹ̀ka kékeré tó súnmọ́ iṣẹ́ jù

521g ni èyí, 40 megapixel ni sensor APS-C rẹ̀, lẹ́ǹsì f/2 rẹ̀ sì ń wò bíi 35mm (f ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó). 35mm tó láti ya èèyàn méjì tó jókòó ti ara wọn, tó láti ya ẹnu ọ̀nà ààfin Àtàọ́jà, kò sì ní fa ojú èèyàn gùn bí ẹ bá ṣe é pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ihò tí ẹ ó fi ojú kan wò, nítorí náà oòrùn kò lè dí yín lọ́wọ́.

Ohun méjì ló ní tí R8 kò ní, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n.

Ọ̀kan ni pé inú lẹ́ǹsì ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì fún ìmọ́lẹ̀ wà. Nínú kámẹ́rà full-frame tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, iwájú sensor ni ilẹ̀kùn yẹn wà, fíláàṣì kò sì lè bá a rìn ju bíi 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, àfi kí ẹ lo ètò kan tó máa gba púpọ̀ nínú agbára fíláàṣì. Ẹ ro òde ọ̀sán: àwọn àlejò jókòó sábẹ́ kánópì, òjìji bo ojú wọn, ìta lẹ́yìn wọn sì ń tàn yòò. Pẹ̀lú full-frame ní 1/200, ẹ ó ní láti ti lẹ́ǹsì pa púpọ̀ kí ẹ̀yìn wọn má baà funfun báláú, fíláàṣì á sì ní láti lo agbára púpọ̀. X100VI lè lo fíláàṣì ní 1/1000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, fíláàṣì kékeré inú rẹ̀ sì lè tan ojú wọn, kí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀. Ó tún ní gíláàsì dúdú nínú ara rẹ̀ tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù bí oòrùn bá pọ̀ jù.

Èkejì ni ohun tó ń mú sensor dúró nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. R8 kò ní in nínú ara rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ewé bo òkè débi pé ọ̀sán gangan lè dà bí ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀ kì í mira. X100VI lè ya wọ́n ní 1/8 ìṣẹ́jú àáyá láìlo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kí fọ́tò sì mọ́ kedere. Nítorí náà, èrò pé full-frame ló gbọ́dọ̀ borí níbikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ohun tí ẹ ń yà bá ń jó, ohun tó ń mú sensor dúró kò lè mú oníjó dúró. Ibẹ̀ ni sensor ńlá ti ń gba iwájú.

Kí òjò àti eruku má baà wọ X100VI, ẹ gbọ́dọ̀ ra òrùka kan àti gíláàsì ìdáàbòbò sí iwájú lẹ́ǹsì. Ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ má sì yọ ọ́ mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwọn tó ń wá a pọ̀ ju èyí tó wà lọ, tòkunbọ̀ rẹ̀ kò sì rọ̀ bí ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún kan yóò dúpẹ́ fún ìyẹn. Ẹni tó ń wá èyí tó rọ̀ lówó kò ní rí i níbẹ̀.

Leica Q3 àti Sony RX1R III

Mi ò ní pẹ́ níbí. Full-frame ni méjèèjì, lẹ́ǹsì wọn kì í sì í yọ. Q3 jáde ní 2023 ní $5,995, lẹ́ǹsì 28mm f/1.7 ló ní. RX1R III dé ní 2025, òun náà lé ní $5,000, 35mm f/2 ló ní, kò sì ní ohun tó ń mú sensor dúró. Fọ́tò wọn dára gan-an ni. Àmọ́ owó ọ̀kan nínú wọn á ra full-frame tuntun pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjì, fíláàṣì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ó fi gba iná. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi fọ́tò jẹun nímọ̀ràn pé kó fi ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́.

Full-frame tuntun tàbí tó ṣì ń tà lọ́wọ́

Níbí ni agbára wà fún ẹni tó ń gba iṣẹ́. Sony A7 III ti 2018 ṣì dára títí di òní: 24 megapixel, ihò káàdì méjì, bátìrì tó ń tó bíi fọ́tò 710. Tẹ́ ẹ bá gba ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ àti ìgbéyàwó lọ́sàn-án, bátìrì méjì tó yín, NẸ́PÀ ì báà má mú iná wá láti àná. Nikon Z5 ti 2020 náà ní ihò káàdì méjì, Z5II tó rọ́pò rẹ̀ sì dé ní 2025 ní $1,699.95. Canon RP àti R8 fúyẹ́ jù wọ́n lọ (R8 jẹ́ 461g), ṣùgbọ́n ihò káàdì kan ni wọ́n ní, bátìrì wọn sì kéré. Èmi ò ní fi wọ́n gba iṣẹ́ ìgbéyàwó láìní kámẹ́rà kejì lọ́wọ́.

Ìnáwó wà ní ìdí lẹ́ǹsì. RF 50mm f/1.8 ti Canon jẹ́ $199 nígbà tó jáde, ìyẹn kò burú. RF 70-200mm f/2.8 jẹ́ $2,699: lẹ́ǹsì náà nìkan gbówó lórí ju R8 lọ, ó sì lé ní kìlógíráàmù kan. Ẹni tó bá ra ara kámẹ́rà tán tí owó rẹ̀ sì tán síbẹ̀, kò tíì ra full-frame. Ìdajì rẹ̀ ló rà. Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún àwọn tó yan Canon: ohun ìsopọ̀ EF-EOS R. Ó ń jẹ́ kí àwọn lẹ́ǹsì EF àtijọ́, tó pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, ṣiṣẹ́ dáadáa lórí R8 àti RP.

Pípààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú ọyẹ́ gba ọgbọ́n. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ẹ da ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí lẹ́ǹsì kejì sì ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́. Bí mọ́tò bá wà nítòsí, ẹ wọ inú rẹ̀. Eruku á ṣì wọlé nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n níbí ẹ rí sensor, ẹ lè fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò fúnra yín.

Ohun kan tún wà nínú gbọ̀ngàn alẹ́. Àwọn iná LED aláràbarà tí wọ́n ń tàn yí àga ìyàwó ká máa ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ojú wa rí i. Bí ẹ bá lo ètò tí kì í dún, fọ́tò lè ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ kọjá ojú ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dún. Ìlù ti borí rẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tòkunbọ̀: Canon 5D Mark III, 6D, Nikon D750

Ẹ̀ka yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ayafọ́tò wa yẹ kó wò dáadáa kó tó gbé owó lọ síbòmíràn. 5D Mark III jáde ní 2012 ní $3,499. Lónìí, tòkunbọ̀ rẹ̀ kò sún mọ́ iye yẹn rárá. 22 megapixel rẹ̀ tó fún àwòrán ògiri ńlá, ihò káàdì méjì ló ní, bátìrì rẹ̀ sì ń tó bíi fọ́tò 950. D750 ti 2014 náà ní ihò méjì. 6D ní ọ̀kan. Àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe mọ irú àwọn yìí, ẹ̀yà wọn sì wà. Bí lẹ́ǹsì kan bá bàjẹ́, ẹ gbé òmíràn lé e, iṣẹ́ ń lọ. Bí lẹ́ǹsì X100VI bá bàjẹ́, gbogbo kámẹ́rà ló dùbúlẹ̀.

Wọ́n wúwo: 5D Mark III tó 950g kó tó gbé lẹ́ǹsì kankan. Kò gba iná láti ara páwà báńkì, àfi tí ẹ bá yọ bátìrì sí ojú ṣájà. Àyẹ̀wò tí ẹ ó ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ẹ bèèrè iye ìgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí (wọ́n ṣe ti 5D Mark III fún bíi 150,000), ẹ fi káàdì sí ihò méjèèjì, kí ẹ sì ya fọ́tò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ògiri funfun ní f/16 kí ẹ lè rí eruku orí sensor, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ehu ti hù sínú gíláàsì, torí ọ̀rinrin àsìkò òjò wa kì í dá lẹ́ǹsì tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù sí. Bí ehu bá ti wà, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ẹ̀ fi tà á.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tó ń gba iṣẹ́ ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ọjọ́ ìbí, tí owó rẹ̀ kò pọ̀: 5D Mark III tàbí D750 tòkunbọ̀, 50mm f/1.8, àti 24-70mm tàbí ohun tó jọ ọ́. Kó fi 70-200mm sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi san án. Kó máa yá a lò nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Àǹfààní kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́: àwọn oníbàárà wa ṣì ń wo bí kámẹ́rà ṣe tóbi tó kí wọ́n tó san owó, ẹni tó bá sì mú GR wá síbi ìdána yóò ṣàlàyé títí.

Ẹni tí iṣẹ́ ti ń wọlé fún, tó fẹ́ kí kámẹ́rà máa wá ojú fúnra rẹ̀: A7 III tàbí Z5II.

Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń kọ ìtàn ìlú, ẹni tó fẹ́ kó àwọn aláró, oníṣọ̀nà àti àwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ kí wọ́n tó wó: X100VI. Kò sí iṣẹ́ nínú àwọn yẹn tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Fún ẹni tó ń rìn gba ọjà lójoojúmọ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí padà wò ó, GR IIIx.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, fóònù ọwọ́ rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ kó tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́ǹsì tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò bí ẹ bá ṣí kámẹ́rà wọn ń wò bíi 24 sí 28mm, kò jìnnà sí ti GR. Kó lọ sí Ọjà Ọba àti síbi òde kan, kó ya fọ́tò láìfi ìka fa nǹkan súnmọ́ rárá. Bó bá délé tó rí i pé gbogbo fọ́tò tó wù ú ló yà nítòsí, kámẹ́rà kékeré yẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìka rẹ̀ ń lọ sójú fóònù ní gbogbo ìgbà láti fa ohun tó jìnnà wá, kó tọ́jú owó de full-frame, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ǹsì gígùn.